Eudaimonia: kì í ṣe ìdùnnú, kì í sì í ṣe oríire

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe eudaimonia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ayé tó dára jù lọ tí èèyàn lè gbé, bí a bá ń túmọ̀ Nicomachean Ethics, ìwé tí Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kọ lórí ìwà. Ẹnìkan ní "ìdùnnú" ti tó. Ẹlòmíràn ní rárá, "oríire" ló bá a mu jù. Mo ti ka àlàyé àwọn méjèèjì, mi ò sì lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ìdùnnú ni ká kọ́kọ́ mú kúrò. Inú èèyàn lè dùn láàárọ̀, kó bàjẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tí Aristotle ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kò lè jẹ́ ipò kan tí èèyàn kàn wà, torí bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sùn náà lè ní in. Ohun tí à ń ṣe ni, tí à ń fi ìwà tó yanjú ṣe, títí ayé ẹni. Ó fi ìdíje Olympia ṣe àpẹẹrẹ: kì í ṣe ẹni tó rẹwà jù tàbí ẹni tó lágbára jù ni wọ́n ń dé ládé níbẹ̀. Àárín àwọn tó bọ́ sí pápá ni olúborí ti ń jáde. Ó tún ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo kò lè mú ìgbà ìrúwé wá, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kan kò lè sọ èèyàn di ẹni tó ní eudaimonia. Ìdùnnú sì lè jẹ́ ti ọjọ́ kan péré.

Oríire ló fẹ́ gbé mi lọ. "Eu" ni ohun tó dára, "daimon" sì ni ẹ̀mí tó ń bá èèyàn rìn, tó ń darí ìpín rẹ̀. Ẹni tí daimon rẹ̀ dára, kí ni ká pè é bí kò ṣe olórí ire? Orí mi wú nígbà tí mo rí àlàyé yẹn, ẹni tó ṣe é ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ẹni tó yọ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, a ní ó ṣoríire. Ẹni tó dédé rí owó he, oríire ni. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì ní fún irú ìyẹn, eutychia ni. Aristotle fúnra rẹ̀ sì wàhálà láti fi hàn pé eutychia àti eudaimonia kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń dà wọ́n pọ̀. Bí a bá fi oríire fún eudaimonia, kí ló kù tí a ó fi túmọ̀ eutychia? Ibi tí a ó bá ara wa ni ká máa kọ ọ́ pé "oríire yàtọ̀ sí oríire".

Ohun tí mo dábàá ni "ìgbáyé-ire". Bí a ṣe hun "ìgbáyégbádùn" náà ni mo ṣe hun ún, kò sì ní ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni. "Gbé" tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ó ń sọ pé èèyàn ló ń ṣe é.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe "rere"? Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀. Ìwà ni rere sábà máa ń dá lé. Ire gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: à ń sọ ire owó, ire ọmọ, ire àìkú. Aristotle kò sì sọ pé ìwà nìkan tó. Ó ka ọ̀rẹ́, ọrọ̀, ọmọ rere mọ́ ohun tí èèyàn nílò. Ó mẹ́nu ba Priam, ọba Troy, tí àjálù ńlá bá lọ́jọ́ ogbó, ó ní kò sẹ́ni tó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tó ní eudaimonia. Àdúrà tí à ń gbà pé kí alẹ́ san wá ju òwúrọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ire gba ìwà, ó gba ìpín. Rere kì í sábà gbà wọ́n méjèèjì.

Lórí philia, ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ìwé náà tó jẹ mọ́ àjọṣe ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, "ìbádọ́rẹ̀ẹ́" tí ọ̀pọ̀ yín yàn tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn ẹ̀ka mẹ́ta rẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ èrè, ọ̀rẹ́ fàájì àti ọ̀rẹ́ ìwà. Mi ò gbà pé kí ẹ̀kẹta máa jẹ́ "kòríkòsùn". Àwọn ọ̀rẹ́ fàájì náà lè jẹ́ kòríkòsùn títí fàájì á fi tán, torí ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìsúnmọ́ra ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó so wọ́n pọ̀.

Andreia, ìwà ẹni tó ń kojú ewu bó ṣe yẹ, ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọkùnrin ni wọ́n ti fa á yọ, ẹnìkan sì dábàá "ìṣọkùnrin". Ká má ṣe bẹ́ẹ̀, akọni obìnrin wà. "Ìgboyà" náà kò dá dúró tó: olè tó ń fo ògiri lóru ní ìgboyà. "Ìwà akin" ni mo yàn, torí a kì í pe olè ní akin. Lójú Aristotle, àárín àìtó àti àṣejù ni irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà. Ojo ló wà lápá kan rẹ̀, ìyẹn kò le láti túmọ̀. Lápá kejì ni ẹni tí ìgboyà rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà, tó ń fọ́nnu kí ewu tó dé, tó sì ń fà sẹ́yìn bí ewu bá dé tán. Ẹni akin dákẹ́ ṣáájú, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ọ̀gbagadè ló ń múra gírí. Orúkọ wo ni ká fún ẹni tí ìgboyà rẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn? Ògbójú jẹ́ ìyìn, ìwàǹwára sì jẹ mọ́ ìkánjú. "Àṣejù ìgboyà" ni mo ń lò fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn. Ọ̀rọ̀ náà sì ń padà wá léraléra ní apá kẹta ìwé náà, nítorí náà ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.