Ọmọ Kurd tó sá wá bá mi: ṣé kí n kó àgbà lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀?

Aláìdárúkọ, Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ilé o. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Inú ń bí mi. Ìdílé Kurd kan ló wà lókè wa, Sulaymaniyah, ní agbègbè Kurdistan ní Iraq, ni wọ́n ti wá. Ọmọ dáadáa ni Shilan wọn (kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an), òun ló ń bá mi mójú tó ọmọ mi tí mo bá lọ síṣẹ́ alẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá se dolma, àwo tèmi á yọ. Bí mo bá se ìrẹsì, tiwọn á gòkè. Ní báyìí ìyá yìí ò kí mi mọ́! Mo kí i lórí àtẹ̀gùn, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí pé ọmọ rẹ̀ wá sunkún ní kíṣìnnì mi pé wọ́n fẹ́ fún òun lọ́kọ, òun sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwo wọn méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ mú pásítọ̀ wa àti àgbà kan lọ bẹ̀ wọ́n. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún mélòó ni?

Màmá Tómi: Ẹ rán mi létí tèmi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ fi mí fún, olówó. Mo sá lọ bá àǹtí mi n'Íbàdàn. Bàbá mi bínú títí, wọ́n padà wá jó níbi ìgbéyàwó mi. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n.

Bọ̀dá Lékan: Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bí. Bí ẹ̀sìn wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ dá àwo wọn padà, kí ẹ mójú kúrò.

Alhaja Sẹ̀líá: Lékan, ẹ̀sìn wo? Èyí tí ọmọ ò gbà, ṣé nikaahi nìyẹn? Àwọn Kurd fúnra wọn ń bá a jà. Òfin agbègbè Kurdistan ní Iraq, ti ọdún 2011, kà á mọ́ ìwà ipá inú ilé.

Bọ̀dá Lékan: Mi ò bá yín jà o, Alhaja.

Aláìdárúkọ: Ẹ ṣé, Màmá Tómi. Èèyàn burúkú kọ́ làwọn òbí rẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi ọmọ àbúrò bàbá wọn ṣaya, ilé yẹn wá ní kí wọ́n fi Shilan ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọmọkùnrin tiwọn. Bí kò bá lọ, wọ́n á gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà.

Ìyá Ìbejì: Mo ní, ọmọ ọdún mélòó?

Aláìdárúkọ: Mẹ́tàdínlógún. Sátidé ni wọ́n ń lọ, wọ́n ní ìyá àgbà ń ṣàìsàn. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá.

Ìyá Ìbejì: Háà! Èyí lẹ fi sẹ́yìn, tí ẹ ń ka àwo? Ẹ má mú pásítọ̀ kankan lọ! Láti 2023, ẹ̀ṣẹ̀ ni l'Ẹ́ńgíláǹdì láti ṣètò ìgbéyàwó fún ọmọ tí kò tíì pé 18, ìbáà gbà, ìbáà má gbà. Tí ẹ bá lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tàn síta, wọ́n á gbé e fò kí Sátidé tó pé. Banaz Mahmod, ọmọ Kurd ní Mitcham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, lọ bá ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀márùn-ún. Wọ́n pa á ní 2006. Bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ ni kóòtù dá lẹ́bi.

Àbẹ̀kẹ́: Bí wọ́n bá gbé e dé pápákọ̀ òfurufú, kó fi ṣíbí irin sínú pátá. Ẹ̀rọ á dún, wọ́n á mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ ni kó ti sọ̀rọ̀. Karma Nirvana, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tí wọ́n fẹ́ fipá fún lọ́kọ lọ́wọ́, ló ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Lékan: Ṣíbí kẹ̀?

Aláìdárúkọ: Kò fẹ́ kí wọ́n ti bàbá òun mọ́lé. Èmi náà ò fẹ́.

Alhaja Sẹ̀líá: Ìwé àṣẹ ààbò kóòtù wà, wọ́n á fi gba pásípọ́ọ̀tù láì ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, àfi ẹni tó bá rú u. Ẹ pe IKWRO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Iran àti Kurd, àwọn tó gbọ́ èdè wọn wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà kí Sátidé tó dé, ẹ pe ọlọ́pàá ní 999.

Ìyá Ìbejì: Admin, ẹ pa ìbéèrè yìí rẹ́ kíá. Àdúgbò wà nínú ẹ̀, ìlú wà nínú ẹ̀, ọjọ́ ìrìnàjò wà nínú ẹ̀.