Ẹ má tíì fa ìtàkùn yẹn lulẹ̀: ohun tí wèrèpè fi ojú wa rí

Láti Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ̀yin tí ìtàkùn ti bo igi lẹ́yìnkùlé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná.

Bàbá mi ló gbin igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí wọ́n ń kọ́lé náà lọ́wọ́. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń ṣínu nínú oṣù Ramadan bí kò bá sí iná. Lẹ́yìn tí bàbá kú, kò sẹ́ni tó ráyè gbọ́ ti ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìtàkùn kan hù lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ó sì forí lé igi. Ewé mẹ́tamẹ́ta ló ń yọ bíi ti ẹ̀wà, ìyá mi tilẹ̀ rò pé ẹ̀wà ló ṣèèṣì hù níbi tí a máa ń da omi ìfọ̀wà sí. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti dé ṣóńṣó igi, òdòdó elésè àlùkò sì rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ ní òṣùṣù-òṣùṣù. Ó wu ojú. A ò fura.

Ọyẹ́ dé. Àwọn ẹ̀ka tó yẹ kó tanná kò tanná, torí ìtàkùn ti dí oòrùn mọ́ wọn. Mo bá gba ọmọkùnrin kan tó máa ń bá àdúgbò ṣán igbó, mo ní kó gòkè lọ fà á lulẹ̀. Èmi dúró nísàlẹ̀, mo ń gbà á. Bó ṣe fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn èso tó ti gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lé wa lórí, irun pupa rẹ́súrẹ́sú ń fò kiri nínú oòrùn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọrùn mi ti gbiná.

Wèrèpè ni! Bí èèyàn bá ṣe ń họ ọ́ ló ń wọra sí i. Àmọ́ ara tó ń yún mi kọ́ ló dẹ́rù bà mí jù. Ọmọ tó wà lókè ni. Ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì họra, ó sì ga ju òrùlé lọ níbi tó wà. Mo ń pariwo pé, "Má họ ọ́, di igi mú! Di igi mú!" Ọlọ́run ló yọ wá. Ó fàyà fa ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àyà rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n kò já bọ́. Mo ṣì máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá gbójú sókè wo igi yẹn.

Ìyá mi ní ká bọ́ gbogbo aṣọ. Ó bu eérú tútù láti inú àdògán, ó fi ń rọra nu irun náà kúrò lára wa, ó wá fi epo pupa pa wá lára. Irun wèrèpè máa ń gún wọ awọ ni, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní mucunain ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń mú ara yún. Afẹ́fẹ́ tún gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sórí aṣọ tí aládùúgbò wa sá. Ọmọ méjì ni kò sùn mọ́jú nílé wọn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Lọ́dún kejì, bí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, èyí tó hù lé ní ogójì. Wèrèpè kì í sábà dàgbà ju ọdún kan lọ, á kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ wà nílẹ̀. A ń hú u ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Méjì tí a ò rí tó fi gun igi, oṣù kẹsàn-án ni mo gé wọn nídìí, kí wọ́n tó so. Mo gé ìwọ̀n gígùn apá èèyàn kúrò láàárín kí wọ́n má baà kan ara wọn mọ́, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ lórí igi. Ó rọ, ó gbẹ, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Irun kankan ò sí lára rẹ̀.

Ẹnìkan ní ká finá sí i. Ẹ má dán an wò o, èèpo igi máńgòrò ni yóò jóná.

Láti Òfà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Tèmi yàtọ̀. Igi ọsàn ni, mo sì wá ìdí ohun tó bò ó títí, mi ò rí i nílẹ̀. Àfòmọ́ ni. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò lẹ́gbò, igi gbogbo ló bá tan. Inú igi gan-an ló ń ki ẹnu bọ̀ láti mu omi. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ bí oje, ibi tí ẹyẹ bá ti nu ẹnu tàbí yàgbẹ́ ló ń hù sí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń já ewé rẹ̀, tó ń padà wá. Bàbá kan ní Ìjàgbó ló sọ fún mi pé ẹ̀ka ni kí n gé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó jókòó sí. Mo fi ayùn gé ẹ̀ka mẹ́rin. Igi náà pá lójú mi, ó dùn mí gan-an. Nígbà tí òjò rọ̀, ó rúwé. Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà Owódé ló kó àfòmọ́ náà lọ.

Láti Òmù-Àrán

Ìtàkùn tèmi nípọn tó ọrùn ọwọ́, ó lọ́ mọ́ àgbálùmọ̀ wa. Mo fagbára tú u, ó bó èèpo igi náà. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá gé e nídìí nìkan. Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀, èso wèrèpè tó ti gbẹ sílẹ̀ ńkọ́, báwo lẹ ṣe kó o?

Láti Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ìdájí ni, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. A kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kó tutù dáadáa kí irun rẹ̀ má baà fò, a wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, a di imú, a wá rọra fi ṣọ́bìrì kó o sínú àpò. A gbẹ́ ihò jíjìn, a sì rì í mọ́lẹ̀.