Ìwé wo lèèyàn lè gbọ́kàn lé lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó?

Àbẹ̀kẹ́ Somerset

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Glastonbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń ṣe ẹ̀sìn Druid, èyí tí wọ́n fi orúkọ àwọn àwòrò àtijọ́ ilẹ̀ Britain pè. Ojú rẹ̀ ò ríwèé kà mọ́, èmi ni mo máa ń kà á fún un lálẹ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó ti sú mi kí n máa ka ohun tí kò yé mi, ni mo bá ní kí èmi náà wádìí rẹ̀.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Glastonbury. Ẹ gbà mí! Òkúta oríṣiríṣi, káàdì tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́, àbẹ́là aláwọ̀ àlùkò, ìwé wá tò lọ bẹẹrẹ láàárín wọn. Ọ̀kan ní Wicca, ẹ̀sìn àwọn tó ń pe ara wọn ní àjẹ́, ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó bí Jésù, pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Òmíràn gbé kàlẹ́ńdà igi mẹ́tàlá jáde, ó ní ti àwọn Druid àtijọ́ ni. Èyí tó dá lórí rune, àwọn lẹ́tà àtijọ́ ti ìhà àríwá Yúróòpù, ní àpò kékeré lára, òkúta tí wọ́n kọ àmì sí ló wà nínú àpò náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ibi tó ti rí ohun tó ń wí, bẹ́ẹ̀ ni n ò lówó tí mo fẹ́ fi ṣòfò.

Èwo ló ṣeé gbára lé? Àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n máa ń dárúkọ náà ńkọ́, Mabinogion (àwọn ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Wales) àti Edda (ìtàn òòṣà àwọn ará Scandinavia), ìtumọ̀ ta ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi o. Ọkọ mi tó jẹ́ díákónì ti ṣe ìyẹn tán nílé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ Yorùbá fi Ifá sílẹ̀, ó ń wá òòṣà òyìnbó kiri. Mo ti jókòó, ẹ máa bá a lọ.

Bàbá Láíbìrì, Ìbàdàn

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, panu mọ́. Àbẹ̀kẹ́, o káre. Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn ló sì máa ń yọ mí lẹ́nu jù, nítorí náà ìbéèrè rẹ ò ṣàjèjì sí mi.

Oríṣi ìwé méjì lò ń wá, má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ìwé tó sọ bí ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni ìwé ayé àtijọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn náà ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé tó o rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ti po méjèèjì pọ̀, wọ́n wá pe gbogbo rẹ̀ ní ti àtijọ́.

Fún ti àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ Ronald Hutton ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn ni ní Yunifásítì Bristol, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. The Triumph of the Moon lorúkọ ìwé rẹ̀ lórí Wicca. Ọdún 1999 ló kọ́kọ́ jáde, ó sì tún un ṣe ní 2019. Inú rẹ̀ lo ó ti rí i pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerald Gardner, tó ti ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Malaya kó tó fẹ̀yìntì, ló gbé Wicca síta fáráyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1954, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òfin àjẹ́. Ta ló wá bá Gardner kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú? Margaret Murray ni. Láti 1921 ni obìnrin yìí ti ń sọ pé àwọn tí wọ́n pa ní Yúróòpù pé àjẹ́ ni wọ́n, ẹlẹ́sìn àbáláyé kan ni wọ́n ní tòótọ́. Nígbà tí àwọn òpìtàn padà lọ wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tó lò, wọ́n rí i pé ibi tó gbè é lẹ́yìn ló ń mú, ó ń fo ìyókù. Ìwé tó sọ fún ọ pé Wicca ti wà kí wọ́n tó bí Jésù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Murray ló ń tún sọ. Bó o bá tún dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ìwé ni kó o kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n ti to orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n lò. Bí Murray bá wà níbẹ̀ tí Hutton ò sí, dá a padà sórí pẹpẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Hutton ni pé kì í fi àwọn ẹlẹ́sìn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lè sọ fún ọ pé ìtàn kan kì í ṣe òótọ́ láìbú ẹni tó gbà á gbọ́. Àwọn òǹkọ̀wé tiwa mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ti àwọn Druid ló le jù, torí àwọn fúnra wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún wa. Julius Caesar sọ nínú apá kẹfà ìwé rẹ̀ lórí ogun Gaul (ilẹ̀ Faransé òní) pé àwọn kan máa ń lo tó ogún ọdún nínú ẹ̀kọ́ náà, orí ni wọ́n sì ń kó o sí, wọn ò gbà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. (Ọmọ awo ò ní bá wọn jiyàn.) Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àwọn Druid àtijọ́ lòun mú wá, bi í pé ta ló kọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàá bá Iolo Morganwg nídìí rẹ̀. Ará Wales ni, Edward Williams lorúkọ àbísọ rẹ̀, òkúta ló ń gbẹ́ jẹun, ó sì kú ní 1826. Ó mọ ìwé àfọwọ́kọ èdè Welsh bí ẹni mowó, àfi pé ó tún ń kọ tirẹ̀ mọ́ ọn, á ní ti àwọn baba ńlá ni. Òun ló pe àpéjọ àwọn Druid sórí Primrose Hill ní London ní 1792. Ó ti kú tipẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó já a. Barddas tí wọ́n tẹ̀ ní 1862, inú ìwé tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ti kó o jọ. Hutton náà ló kọ Blood and Mistletoe ní 2009 lórí gbogbo èyí.

Kàlẹ́ńdà igi mẹ́tàlá yẹn, akéwì Robert Graves ló ni ín, inú The White Goddess ló wà, 1948. Ewì inú rẹ̀ dùn. Má fi wá ìtàn.

Mabinogion ńkọ́? Ra ti Sioned Davies, Oxford ló tẹ̀ ẹ́ ní 2007. Ó mọ̀ pé ìtàn àfẹnusọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì túmọ̀ wọn lọ́nà tí wọ́n á fi dùn ún kà sókè, èyí tó bá iṣẹ́ rẹ mu gan-an. Ti Lady Charlotte Guest wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín 1838 sí 1849 ló tẹ̀ ẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìtàn akéwì Taliesin kún un, èyí tí kò sí nínú ìwé àfọwọ́kọ ńlá méjì tí ìyókù ti wá. Má retí ètò ìjọsìn nínú èyíkéyìí o. Kìrìsìtẹ́nì làwọn tó kọ wọ́n sílẹ̀.

Ṣẹ́gun Minneapolis

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú Edda, torí àwọn ọmọ Norway àti Sweden pọ̀ níbi iṣẹ́ mi.

Àǹtí, Edda méjì ló wà. Ti ewì, ti Carolyne Larrington ni kẹ́ ẹ rà, ẹ̀dà 2014, kì í ṣe ti 1996. Àlàyé ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ pọ̀, ẹ ó sì nílò wọn, torí ewì náà máa ń pe orúkọ láìsọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Bí owó ò bá sí, ti Bellows, 1923, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkejì ni èyí tí Snorri Sturluson kọ ní Iceland ní nǹkan bí ọdún 1220. Ẹgbẹ́ Viking Society gbé ìtumọ̀ Anthony Faulkes sórí ìkànnì wọn, ẹ lè gbé e sórí fóònù yín láìsan kọ́bọ̀. Ẹ máa rántí pé Iceland ti gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ní bí igba ọdún kí Snorri tó gbé kálàmù.

Àpò rune yẹn, ẹ ka òkúta inú rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ni àmì rune tó lọ́jọ́ lórí jù. Bẹ́ ẹ bá bá ẹyọ kan tí wọn ò kọ nǹkan sí, inú ìwé Ralph Blum ti 1982 ló ti wá.

Ẹ sì ṣọ́ra lórí Amazon. Àwọn kan máa ń mú ìtumọ̀ àtijọ́, wọ́n á fún un ní èèpo tuntun, wọ́n á yọ orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ kúrò. Ìwé tí ò ní orúkọ olùtúmọ̀, ẹ fò ó. Ọ̀ràn mìíràn ni pé níbí ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń lo Odin, olórí àwọn òòṣà inú Edda, láti sọ pé ẹ̀sìn náà ò kan aláwọ̀ dúdú, ìwé wọn sì máa ń rẹwà lójú. Ẹ wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹgbẹ́ Ásatrúarfélagið, tí àwọn tó ń sin àwọn òòṣà wọ̀nyí dá sílẹ̀ ní Iceland ní 1972, ò fara mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Somerset

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣẹ́gun, o ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ ti kó mi síyọnu o. Àdúrà tí Màmá fẹ́ràn jù, tí mo máa ń kà fún un kó tó sùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ti Iolo yìí kan náà ni! Ṣé kí n sọ fún un?

Bàbá Láíbìrì, Ìbàdàn

Bi í ní ìbéèrè, má là á mọ́ ọn lórí. Ọ̀pọ̀ Druid òde òní ló mọ̀ pé Iolo ló kọ ọ́, wọ́n ń kà á síbẹ̀. Wọ́n ti ń fi gbàdúrà fún ohun tó lé ní igba ọdún.

Àbẹ̀kẹ́ Somerset

Mo bi í lánàá. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní ta ni ò mọ Iolo. Ó wá ní kí n fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun jáde, ibẹ̀ ni Triumph of the Moon wà, ẹ̀dà 1999, ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí gbogbo ara rẹ̀. Ṣé mo ṣì ní láti ra ti 2019?

Bàbá Láíbìrì, Ìbàdàn

Rárá. Ka ti Màmá, kó o sì máa bi í ìdí tó fi fa àwọn ìlà yẹn. Ti 2019, ní kí láíbìrì àdúgbò yín bá ọ yá a láti ibòmíràn, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ti Sioned Davies ni kó o fowó ara rẹ rà.