Ṣé kòkòrò ni fáírọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹnìkan béèrè bóyá ó tọ́ kí a máa pe bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì pọ̀ ní "kòkòrò àìfojúrí". Àwọn kan ti ní ó tọ́, pé ohun tí ojú ò bá ti lè rí, tó sì ń fa àìsàn, kòkòrò náà ni. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ọ̀fìnkìn mú àbúrò ìyá mi lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, páálí kápúsù kan wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti lo mẹ́rin níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ta ló ní kí ẹ lo èyí?" Wọ́n ní, "Ṣebí kòkòrò ló ń fa ọ̀fìnkìn? Apakòkòrò sì nìyí." Èsì tán lẹ́nu mi. Àlàyé wọn gún régé; ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Bakitéríà ni oògùn yẹn ń pa, fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa ọ̀fìnkìn.

Kí ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí tó dé, àwọn òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa àrùn. Ohun tí "malaria" túmọ̀ sí lédè Ítálì gan-an nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilẹ̀gbóná bá wọ̀lú, a mọ ẹni tí a ó bẹ̀, a kì í sì dárúkọ rẹ̀ gbàgàdà, Olóde là ń pè é. Ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis, ní ìlú Vienna ní Austria, ní kí àwọn dókítà máa fi omi kílórínì fọwọ́ kí wọ́n tó kan aboyún. Ikú àwọn abiyamọ lọ sílẹ̀ gidigidi, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà, torí kò rí nǹkan kan tọ́ka sí ní ọwọ́ wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Pasteur ní Faransé àti Koch ní Jámánì, tó dé. Ní 1882 Koch fi kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ han ayé.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ "kòkòrò" ló bá wa gba ìmọ̀ yìí wọlé. Ó rọrùn, torí àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò ń jẹ eyín. Ó bá bakitéríà mu pẹ̀lú: ẹ̀dá alààyè ni, ó ń jẹun, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì.

Fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ní 1892, Ivanovsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, gún ewé tábà tó ń ṣàìsàn, ó fún omi rẹ̀, ó sì fi asẹ́ tánganran tí bakitéríà ò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ. Omi tó jò sísàlẹ̀ ṣì ń kó àrùn ran ewé mìíràn. Ní 1898 Beijerinck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìlú Delft ní Netherlands, ní ohun mìíràn pátápátá ni, ó sì pè é ní "virus", èyí tí í ṣe oró lédè Látìnì. Kì í jẹun, kì í dàgbà. Àfi tó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara) ẹ̀dá mìíràn ló tó lè pọ̀ sí i.

Ẹnìkan wá ní ká kúkú pè é ní oró, bíi ti Látìnì. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n oró àkekèé kì í bí síni lára.

Ẹlòmíràn ní yíyá ọ̀rọ̀ ń ba èdè jẹ́. Àlàáfíà ńkọ́? Wàhálà ńkọ́? Ṣebí ọ̀rọ̀ tí a yá ni wọ́n. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí a fúnra wa ṣẹ̀dá, bí amóhùnmáwòrán, fẹsẹ̀ múlẹ̀ torí pé ojú àti etí ń jẹ́rìí sí i. Fáírọ́ọ̀sì ò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a sì fi ìkánjú sọ a máa pani lára. A pe éèdì ní àrùn kògbóògùn. Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti wà tó ń mú kí ẹni tó ní i pẹ́ láyé. Ẹni tó gbọ́ "kògbóògùn", kí ló fẹ́ lọ wá ní ọsibítù?

Àbá mi ni pé kí "kòkòrò àìfojúrí" wà fún bakitéríà nìkan, ká sì kọ "fáírọ́ọ̀sì" fún èkejì. Ọ̀kan kù tó ń jẹ mí lọ́kàn: àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti inú Faransé, "fírúùsì" ló sì lè bá etí wọn mu jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, báwo lẹ ṣe ń pè é nílé?