Ìbọn tí a yọ apó rẹ̀ kò tíì di òfìfo: lórí ọ̀rọ̀ náà “kì”

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ní kí a bá wọn túmọ̀ fún àwọn àgbà Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn ìléwọ́ níbi ìdánrawò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, ìyẹn ni èyí tó sọ bí ẹni tó ń yìnbọn yóò ṣe tún fi ọta sí ìbọn rẹ̀ nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ bá tán tàbí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkọ̀lé ní “tún ìbọn kì” ti tó. Àbúrò wa láti Ìjerò ní “pààrọ̀ magasíìnì”, ìyẹn ilé ọta tí à ń yọ, ni kí a kọ. Mo ka àlàyé àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé “kì” gbọ́dọ̀ dúró, àmọ́ kì í ṣe ní ibi tí ẹ̀gbọ́n wa fi í sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà sì ni ìbọn rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ùbọn nínú ẹ̀ka èdè tiwa. Èmi ni mo máa ń bá wọn dì í mú ní ìdúró, tí ìdí rẹ̀ á wà nílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ á sì kọjú sófuurufú. Wọn á da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, wọn á fi àkísà tẹ̀ lé e, wọn á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un títí á fi le, lẹ́yìn náà ni wọn á da ọta sí i, tí wọn á tún fi àkísà dí i. Fífún nǹkan mọ́ inú ihò tóóró bẹ́ẹ̀ ni “kì”. Òun náà la ń lò fún ẹni tó ki aṣọ sínú àpótí tó ti kún. Bí wọ́n bá ti ìgbẹ́ dé, tí wọn kò sì rántí bóyá ìbọn ti dún tàbí kò tíì dún, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọ̀pá yẹn ni wọn á rọra tì bọ ẹnu ìbọn. Bí ó bá wọlé tán, ìbọn ti ṣófo. Bí ó bá yọrí síta ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, nǹkan ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀pá yìí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Ogun Kírìjì (1877–1886) ni ẹ̀gbọ́n wa fi gbe ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti Èkó nígbà ogun náà, ìbọn tí à ń ti ìdí fi ọta sí, tí kò nílò ọ̀pá kankan, síbẹ̀ àwọn baba wa kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. “Kì” náà ni wọ́n ń wí. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà bá lè sún láti ẹnu ìbọn dé ìdí ìbọn, kí ló dé tí kò fi lè sún síwájú sí i? Ẹjọ́ náà dára, mo sì gba ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yí padà nígbà náà: yálà ẹnu la gbà ni tàbí ìdí, ibì kan ṣoṣo ni ọta ń lọ, ìyẹn inú agba ìbọn. Ẹni tó bá sọ pé “mo ti ki ìbọn” ti sọ tán. Ẹni tó bá sì sọ pé “mo ti yọ ọta rẹ̀” náà ti sọ tán.

Ìbọn ìléwọ́ inú ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Hugo Borchardt ti gbé tirẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1893, tó fi ilé ọta há inú ìdí ìbọn níbi tí ọwọ́ ń dì mú, ibi méjì ni ọta ń gbé nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ilé tí à ń yọ, tí sípíríìnì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọta lọ sókè. Èkejì ni ẹ̀yìn agba, níbi tí ọta kan ṣoṣo ń dúró sí de ìgbà tí wọn yóò yìn ín. Bí ìbọn bá dún, ìdérí orí rẹ̀, ìyẹn irin tó bo agba lókè, á sún sẹ́yìn, á ju ìkarahun ọta tó ti jóná dànù. Bí ó bá ń padà bọ̀ síwájú, á gbá ọta mìíràn láti orí ilé ọta wọ ẹ̀yìn agba. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló ki ìbọn yẹn? Ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi “kì” sórí iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nígbà tó bá ń yọ ilé ọta kan tó sì ń fi òmíràn sí i. Kí “kì” wà fún wíwọ̀ tí ọta wọ ẹ̀yìn agba nìkan, yálà ìbọn ló kì í wọ ibẹ̀ tàbí ọwọ́ wa ló fa ìdérí.

Lórí orúkọ ilé ọta yẹn, mo bá àbúrò wa dé ìdajì ọ̀nà. “Magasíìnì” ń mú ìwé ìròyìn wá sí ọkàn ẹni tó ń kàwé, pàápàá àwọn àgbà tí a ń túmọ̀ fún. Àwọn kan ti dábàá “àpò ọta”. Èmi fẹ́ “apó”, ohun tí àwọn tafàtafà ń kó ọfà sí, nítorí pé ó ti jẹ́ ti ohun ìjà tẹ́lẹ̀, ó sì kúrú lẹ́nu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tí a kò bá fi àmì sórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á sí àpò, bẹ́ẹ̀ sì ni àpò gan-an wà nínú ìwé náà: èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìgbànú láti kó apó sí. Ìdáhùn mi ni pé kí a fi àmì sí i. Ọta nìkan la ó máa tò sínú apó. A kò ní ki apó. Ní ti ẹ̀yìn agba, “ìyẹ̀wù” ni mo yàn. Àlejò tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò bá ẹnìkan níbẹ̀, kò lè búra pé ilé ti ṣófo nígbà tí kò tíì wo ìyẹ̀wù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Nínú àbá àkọ́kọ́ tí a kọ, a ní: “Tí o bá ti yọ apó, ìbọn ti di òfìfo.” Irọ́ ni. Bí ìbọn Glock 17, tí apó rẹ̀ ń gba ọta 17, bá ti wà ní kíkì, tí a wá yọ apó rẹ̀, ọta 1 ṣì wà ní ìyẹ̀wù, yóò sì dún bí a bá fa apátí rẹ̀. Òótọ́ ni pé Browning Hi-Power, tó jáde ní 1935, kì í dún tí apó kò bá sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìwà ọ̀kan kọ́ èkejì yóò yin ìbọn tó rò pé ó ṣófo. Nítorí náà, mo dábàá pé kí “òfìfo” wà fún ìbọn tí a ti yọ apó rẹ̀, tí a ti fa ìdérí rẹ̀ sẹ́yìn kó dúró níbẹ̀, tí a ti fi ojú wo ìyẹ̀wù rẹ̀, tí a sì ti fi orí ìka kàn án. Ìka yẹn ni ọ̀pá bàbá mi. Kí a tó sì ṣe gbogbo èyí, àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?” Inú òwe yìí kan náà la ti rí “apátí”, ohun tí ìka ń fà, tí a kò sì tún ní láti máa wá orúkọ fún un mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn. A kọ “fa ìdérí kí o sì yọ apó”. “Kí o sì” kò sọ èwo ló ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa ìdérí yóò lé ọta tó wà ní ìyẹ̀wù jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n apó tó ṣì wà níbẹ̀ yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kíá. Bí ó bá wá yọ apó lẹ́yìn náà, ìbọn tí a ti kì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Yọ apó kí o tó fa ìdérí” ni kí a kọ, kí “kí o tó” máà kúrò níbẹ̀ láéláé.

Bákan náà ni pẹ̀lú “dá ìdérí padà”. Bí ọta bá tán, ìdérí á há sẹ́yìn lórí ìkọ́ kan. Bí a bá ti fi apó tuntun bọ ìdí ìbọn, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlé, tí a sì fà á díẹ̀ wò bóyá ó ti há, àwọn kan á fi àtàǹpàkò tẹ ìkọ́ náà, àwọn mìíràn á di orí ìdérí mú, wọn á fà á sẹ́yìn, wọn á sì fi í sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìbọn ń jiyàn lórí èyí tó dára jù: títẹ ìkọ́ yá jù, ṣùgbọ́n ìkọ́ kéré, ọwọ́ tó ń gbọ̀n tàbí tó ń làágùn lè ṣì í, fífa ìdérí gba àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n bákan náà ló ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ ìbọn. Èyí tó bá tẹ́ ẹni lọ́rùn kì í ṣe ìjà tiwa. Tiwa ni pé “dá a padà” ń mú kí ènìyàn fi ọwọ́ sin ìdérí lọ síwájú, bí ẹni tó ń pa ìlẹ̀kùn jẹ́jẹ́ kí ọmọ má jí. Sípíríìnì kò ní rí agbára rẹ̀ lò, ìdérí lè má pa dé, ìbọn sì lè má dún. “Fà á dé òpin, kí o jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà” ló tọ́.

Ìpààrọ̀ tí a ṣe kí ọta tó tán kò ní wàhálà púpọ̀: ọta ṣì wà ní ìyẹ̀wù, nítorí náà a kì í fa ìdérí rárá, a kàn ń yọ apó kan ni, a sì ń fi òmíràn sí i. Ìdí nìyẹn tí “tún ìbọn kì” fi kùnà pátápátá níbẹ̀, nítorí ìbọn náà kò fìgbà kan ṣíwọ́ wíwà ní kíkì.

Bí mo ṣe fẹ́ kí gbólóhùn àríyànjiyàn wa rí nìyí: “Dojú ìbọn kọ ibi tí kò lè ti pa ẹnikẹ́ni lára, na ìka rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, kí ó jìnnà sí apátí, yọ apó tó ti tán, fi èyí tó kún bọ̀ ọ́ títí yóò fi há, fa ìdérí dé òpin kí o sì jù ú sílẹ̀, láti ìgbà yìí lọ, ìbọn rẹ ti wà ní kíkì.” Orúkọ ìdérí náà ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ìdérí máa ń ṣí ni, kì í sún. Bí àwọn ọdẹ ìlú yín bá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó ń sún lọ sún bọ̀ lórí ìbọn, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.