Ìyá mi, àwọn ọmọ mẹ́ta, òpin ọ̀sẹ̀ kan n'Òṣogbo: ibo la lè rìn dé?

Ìyá Fèyí, Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Ìyá mi ń bọ̀ láti Èkó wá kí wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀ àmọ́ wọ́n ṣì ń rìn tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, a wá rò ó pé ká gbé wọn àtàwọn ọmọ lọ Òṣogbo, ká lọ ní Jímọ̀ ká padà ní Sọ́ńdè. Ohun tó wù mí ni ká jáde síta, ká rí odò, ká rí igi, kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kì í ṣe ká lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ká máa wo tẹlifíṣọ̀n tá a ní nílé. Igbó Ọ̀ṣun ló wà lọ́kàn mi. Ọkọ mi ní ká fi omi tó ń já bọ́ látorí òkúta l'Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kún un, ká tún yà n'Ifẹ̀ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn tá a bá ń bọ̀. Ṣé gbogbo ẹ̀ á ṣeé ṣe?
Ìkejì, ìyá mi ò fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré rárá, wọ́n ní àwọn ò wọ igbó òrìṣà. Mi ò fẹ́ fi túláàsì mú wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dá jókòó sínú mọ́tò.
Ìkẹta, àbí ká kúkú dúró de oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun? Ọmọ ọdún mọ́kànlá, mẹ́jọ àti márùn-ún làwọn ọmọ o. Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ Òròkí:
Ẹ káàbọ̀ sílùú wa kẹ́ ẹ tó dé o. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ yọ Ifẹ̀ kúrò. Ẹ má sì fi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú igbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń ṣe nìyẹn tó ń dùn mí, wọ́n á sáré wọlé, wọ́n á dúró ti ère méjì ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti rí i, ó di ọ̀nà Ìléṣà. Wọn ò rí nǹkan kan. Igbó tó tó hẹ́kítà 75, tí ojúbọ inú ẹ̀ tó ogójì, ààfin àtijọ́ wà ńbẹ̀, ère wà lábẹ́ igi, ère wà létí omi, ère wà níbi téèyàn ò tiẹ̀ retí ẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi wákàtí kan wò ó? Odindi Sátidé ni kẹ́ ẹ fún un.
Ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa bá àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, àwọn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ni tó máa mú yín káàkiri, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó kàn dá yín dúró lójú títì. Owó ìwọlé ọ̀tọ̀, owó kámẹ́rà ọ̀tọ̀, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan síta, kẹ́ ẹ sì mú kááṣì dání. Ẹ ní kó sọ ìtàn fáwọn ọmọ dáadáa, bí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, ṣe wá omi dé etí Ọ̀ṣun, tí wọ́n gé igi, tí igi wó sínú odò, tí wọ́n gbọ́ ohùn tó ń ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán, àti bí ẹja ṣe wá sọ́wọ́ Láròóyè nígbà tó tẹ́wọ́ sómi. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ pẹja ńbẹ̀ dòní, wọn kì í ṣọdẹ ńbẹ̀, wọn kì í gé igi ńbẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yẹn létí odò gan-an ò ní gbàgbé.
Àwọn ọ̀bọ wà ńbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún yẹn mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí bisikíìtì lọ́wọ́, wọ́n á já a gbà.
Ní ti oṣù kẹjọ, tìtorí màmá, ẹ má wá.

Ará Ìkìrun:
Bọ̀dá Ọmọ Òròkí, mi ò gbà fún yín níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí ò bá tíì rí Arugbá, omidan tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, kó gbé igbá jáde láàfin Àtáọ́ja tó ń lọ sódò, tí gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé e, kò tíì rí Òṣogbo. Kí wọ́n gbé màmá wá, kí wọ́n rí i lẹ́ẹ̀kan láyé wọn.

Ọmọ Òròkí:
Òótọ́ lẹ sọ, inú mi máa ń dùn sí ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ kọ́jọ́ lọ lọ́dún. Àmọ́ ẹ ronú nípa orúnkún màmá àti ọmọ ọdún márùn-ún láàárín èrò tó ń tira wọn lọ sódò. Èrò á bo ère, ẹ ò ní lè dúró wo nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ọdún ló wù wọ́n, kí wọ́n wá níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà míì, kí wọ́n wá wo Ìwọ́pópó tí wọ́n fi ń wẹ ojú pópó ìlú mọ́, tàbí alẹ́ tí wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, kí wọ́n wo Ìborí Adé níbi tí wọ́n ti ń bọ adé àwọn ọba àtijọ́. Àwọn ọjọ́ yẹn ni ọmọ ìlú máa ń gbádùn jù, èrò ò tíì pọ̀. Ọjọ́ Arugbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fẹ́ni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ le.

Ará Ìkìrun:
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí màmá. Ọkọ àti Fèyí kí wọ́n wá lóṣù kẹjọ, mo dúró lórí ìyẹn.

Alhaja Ẹdẹ:
Ìyá Fèyí, ọ̀rọ̀ màmá yín ni mo fẹ́ dá sí. Mùsùlùmí ni mí, mo ti mú àwọn àlejò wọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kí n kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kí n mú ohunkóhun wá. Àwọn tó ń sìn níbẹ̀ ń sìn, wọ́n sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún wọn, ká má pariwo, ká má fọwọ́ kan ohun tá ò mọ̀. Ẹni tó wá wo ìtàn ń wo ìtàn. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá kẹ́ ẹ tó kúrò n'Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kó di ẹnu ọ̀nà igbó kẹ́ ẹ tó máa bẹ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ṣì ní rárá, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, ẹ̀rí ọkàn wọn ni. Kí bàbá Fèyí mú àwọn ọmọ wọgbó, kẹ́ ẹ̀yin àti màmá jọ lọ wo aṣọ.
Tí wọ́n bá wọlé ṣá, ẹ mú àga kékeré tó ṣeé ká dání. Ọ̀nà odò ń dà sísàlẹ̀, gbòǹgbò igi sì wà nílẹ̀, kí wọ́n wọ bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa, kì í ṣe sílípáàsì.

Nọ́ọ̀sì Mópé:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ bu omi odò yẹn mu o, kí wọ́n má sì fi bọ́jú. Ó ń dun èmi náà láti kọ ọ́, torí omi tí ìyá wa bù fún wa nígbà tá a wà ní kékeré nìyẹn. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lókè odò ni wọ́n ti dà á rú, àwọ̀ ẹ̀ di bíi ti ẹrẹ̀, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fáwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún. Odò tó ti Ìgèdè-Èkìtì ṣàn wá, tó gba ọ̀pọ̀ ìlú kọjá kó tó dé ọ̀sà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é báyìí, ó yẹ ká máa pariwo ẹ̀ títí tí wọ́n á fi dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín rí àwọ̀ omi yẹn, ẹ sì sọ ohun tó fà á fún wọn. Omi inú ike ni kẹ́ ẹ mú lọ.

Aládìrẹ Òkè-Fíà:
Alhaja ti sọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ síwájú torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tètè dé ní Jímọ̀, ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà tí Mama Nike Okundaye dá sílẹ̀ n'Òṣogbo ní 1983. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ lè ṣe díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Wíwò yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ọmọ tó bá mú ìyẹ́ adìyẹ tó fi ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, tí wọ́n rì í sínú aró, tí wọ́n wá họ ẹ̀kọ yẹn kúrò tó rí i pé ibi tóun yà ṣì funfun, ojú ẹ̀ á là ni. Ti bátíìkì, àbẹ́là yíyọ́ ni, ó gbóná, ẹ má jẹ́ kí kékeré yẹn sún mọ́ ọn. Kí wọ́n wọ aṣọ tó ti gbó, aró kì í lọ.
Ẹ tún kọjá lójú ọ̀nà Ìbòkun, kẹ́ ẹ wo ilé Àdùnní Olóríṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ará Austria tó bá wọn ṣe ère inú igbó, tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú síbí ní 2009. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Èèyàn ń gbébẹ̀ o, ẹ kágò kẹ́ ẹ tó wọlé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dénú igbó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fáwọn ọmọ pé òyìnbó kan ló dá gbogbo ère yẹn ṣe. Ẹ béèrè iṣẹ́ Adébísí Àkànjí tó fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà ara ògiri, ẹ béèrè iṣẹ́ igi Kásálì Àkàngbé, ẹ béèrè òkúta tí Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́. Ọmọ ilé wa ni wọ́n, kí àwọn ọmọ mọ orúkọ wọn.

Ará Ìléṣà:
Ẹ má bínú sí ọkọ yín o, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò burú. Tẹ́ ẹ bá kúrò n'Òṣogbo láàárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ gba Ìléṣà dé Ẹ̀rìn, ẹ padà sí Ìléṣà, Ifẹ̀ á bọ́ sójú ọ̀nà yín sí Ìbàdàn. Ìpele méje ni omi Olúmirin, ìyẹn omi Ẹ̀rìn yẹn, ìpele kìíní ò sì jìnnà, màmá lè jókòó síbẹ̀ kí ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n gùn sókè díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi á kéré sí ti òjò, àmọ́ òkúta ò ní yọ̀ púpọ̀.

Ìyá Fèyí, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín o. Mo pe ìyá mi lálẹ́ àná mo sọ fún wọn bí Alhaja ṣe wí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní tí àga bá máa wà níbẹ̀ àwọn á wọlé, àmọ́ àwọn ò ní dé ibi ojúbọ, etí odò làwọn máa jókòó sí. Ó tó mi. Jímọ̀ la máa ṣe aró, Sátidé di ti igbó látàárọ̀. Ará Ìléṣà, ìyá mi ní àwọn ò lè pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní Sọ́ńdè, torí náà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà á di ìgbà míì, ọkọ mi ti gbà. Ọ̀nà wo ló dáa jù ká gbà dé, Ìwó àbí Gbọ̀ngán?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ gba Gbọ̀ngán, kẹ́ ẹ gba Àkọ́dà wọlé. Tẹ́ ẹ bá dé Ọláìyá, ẹ bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ léèrè ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọgbó.