Iná iwájú Golf 3 mi ń ṣe bàìbàì: ṣé LED ni kí n gbé sí i?

Tíṣà Ìṣẹ́yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Golf 3 ọdún 1996 ni mo ń wà, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ni mo sì máa ń gbà wálé ní alẹ́ Fúráìdé. Iná iwájú ọkọ̀ náà ti ṣe bàìbàì débi pé tí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ níwájú, mi ò ní rí etí títì mọ́. Mo ti ra gúlóòbù H4 (irú tó ní okùn dímù àti ti fúlù nínú ẹyọ kan) tuntun sí i, kò yàtọ̀. Rewáyà àdúgbò wa ní kóun fi gúlóòbù 100 wáàtì sí i, àbí kóun kúkú gbé LED sí i. Àbúrò mi tó wà ní London náà ní òun lè ra odidi iná méjèèjì fi ránṣẹ́. Mo ní mítà, mo mọ sọ́dà jó, ilé ni mo sì fẹ́ ti ṣe é. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀ o.

Rewáyà Àpẹ́tẹ̀: Tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan iná dímù, kí ẹ fi mítà wo fólítì tó wà lórí bátìrì. Ẹ wá lọ wo ti ẹ̀yìn gúlóòbù, láàárín ẹsẹ̀ dímù àti ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì (ibi tí iná ń gbà padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì). Ẹ má yọ gúlóòbù o, ó gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́wọ́, torí tí ẹ bá yọ ọ́, mítà á purọ́ fún yín.

Tíṣà Ìṣẹ́yìn: Bátìrì, 13.8. Gúlóòbù ọ̀tún 11.5, tòsì 11.7.

Rewáyà Àpẹ́tẹ̀: Ẹ ò ríyẹn? Ebi ló ń pa gúlóòbù yín. Ó ju fólítì méjì lọ tó ń sọnù lójú ọ̀nà. Tí fólítì bá fi 10% dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí 30% dín, tiyín sì ti kọjá 15%. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ìdajì iná wa ọkọ̀ ni.

Lára Golf 3, iná dímù kì í gba rílè kọjá (rílè ni súíṣì tí iná díẹ̀ ń pè, tó wá ń jẹ́ kí iná ńlá kọjá tààrà láti bátìrì). Inú súíṣì tí ẹ fi ń tan iná lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, kó tó tún gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ padà síwájú. Gúlóòbù méjì tó jẹ́ 55 wáàtì ń fa bí áńpù mẹ́sàn-án. Súíṣì tó ti ń gbé ẹrù yẹn láti ọdún 1996, ojú rẹ̀ á ti jó. Ẹni tó bá wá fi 100 wáàtì sí i, súíṣì yẹn ló fẹ́ yọ́, àti ilé gúlóòbù pẹ̀lú. Ẹ sọ fún rewáyà yín pé ẹ ò ṣe.

Rílè méjì ni kí ẹ rà, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù, irú èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ra wáyà tó nípọn tó 2.5 mm², àti ilé gúlóòbù H4 alámọ̀, kì í ṣe oníke. Ẹ yọ nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wáyà kan láti pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí ẹsẹ̀ 30 rílè (nọ́ńbà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀), kí fúùsì 20 áńpù wà lójú ọ̀nà náà, kó sún mọ́ bátìrì dáadáa. Tó bá jìnnà, tí wáyà bá wá bó níbì kan ṣáájú fúùsì, ọkọ̀ lè gbiná. Ẹsẹ̀ 87 ló ń lọ sí gúlóòbù méjèèjì. Wáyà dímù àtijọ́ tó ń wọ ẹ̀yìn gúlóòbù tẹ́lẹ̀, ẹ mú un wá sí ẹsẹ̀ 86, kó máa ṣe iṣẹ́ pípe rílè nìkan. 85 lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ni ti fúlù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fojú kéré ẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ o: wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti pọ́sítíìfù, kí ẹ ha ọ̀dà ara ọkọ̀ dé irin kí ẹ tó dè é.

Màmá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, LED ni mo lò sí tèmi, ó mọ́ bí ọ̀sán! Kí ló burú níbẹ̀?

Rewáyà Àpẹ́tẹ̀: Ó mọ́ níwájú ọkọ̀ yín, Màmá. Ẹ bi ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín bóyá ó ríran. Ibi tí okùn iná H4 wà gan-an ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe dígí inú iná yẹn. LED kì í sábà bọ́ sójú ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wá fọ́n káàkiri.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham: Níbí ní London, tí wọ́n bá rí i pé o ti yí iná alógúlóòbù lásán padà sí xenon (irú iná mìíràn tó mọ́ gan-an), ọkọ̀ rẹ ò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń béèrè. Tíṣà, ẹ sọ fún àbúrò yín kó fi owó rẹ̀ pamọ́. Apá òsì ni a ti ń wakọ̀ níbí, iná tiwa máa ń gbé ojú sókè sápá òsì. Láti 1972 ni Nàìjíríà ti kó sápá ọ̀tún. Tí ẹ bá gbé iná London sí Golf yín, ojú dírẹ́bà tó ń bọ̀ níwájú ló máa wọ̀ tààrà.

Olórobó: Ṣé mo lè ṣe ohun kan náà sí Camry tèmi?

Rewáyà Àpẹ́tẹ̀: Ẹ má dà á kọ bẹ́ẹ̀ o! Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, pọ́sítíìfù ló máa ń wà lójú kan lára gúlóòbù, nẹ́gétíìfù ni súíṣì ń tàn. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó gé wáyà kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ 85 àti 86 kò ní rí bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí.

Tíṣà Ìṣẹ́yìn: Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Tí fúùsì dímù bá wá jó lóru ńkọ́, ṣé iná méjèèjì ló máa kú lẹ́ẹ̀kan náà?

Rewáyà Àpẹ́tẹ̀: Ìbéèrè gidi. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pín wáyà tó jáde láti 87 sí méjì, kí gúlóòbù kọ̀ọ̀kan ní fúùsì 10 áńpù tirẹ̀. Ọ̀kan á kú, ìkejì á gbé yín délé. Ẹ kọ ojú rílè sísàlẹ̀ kí omi òjò má baà wọ̀ ọ́, kí wáyà sì jìnnà sí fáànù rédíétọ̀. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, ẹ ò ní láti dé Ládípọ̀ l'Ékòó.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó jìn sí ògiri ní mítà márùn-ún. Ẹ sàmì sí ògiri níbi tó ṣe déédéé pẹ̀lú àárín gúlóòbù. Ìlà òkè iná dímù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún rẹlẹ̀ ju àmì yẹn lọ. Ẹ wọn fólítì padà, kí ẹ kọ ọ́ síbí. Tó bá ṣì dín sí 13, ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò.